Dùùrù Àgbékọ́rùn Tí Ọ̀gá Mi Gbé Ti Ojú Ogun Bọ̀

Orúkọ mi ni Rísíkátù Àbẹ̀kẹ́. Ní Jákàńdè, ní Ìlasan, níbi tí mo ń gbé báyìí, Ìyá Alákọ́díọ̀nù ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ kò fojú kan àkọ́díọ̀nù rí. Ó ju ogójì ọdún lọ tí mo fi tún ohun èlò orin ṣe kí ojú mi tó sọ pé ó tó. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń múra àtilọ sí yunifásítì, bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó jẹ́ irú iṣẹ́ yìí ni mo yàn. Ìdáhùn tí mo fún un lọ́jọ́ náà kò pé. Èyí tó pé ni mo fẹ́ sọ níbí, fún òun àti fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe. Wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àkọ́díọ̀nù jẹ́. Dùùrù àgbékọ́rùn ni. Àpótí méjì ni, ẹwìrì tí wọ́n fi páálí àti awọ ṣe sì wà láàárín wọn bíi ti alágbẹ̀dẹ. Bí o bá fà á, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bí o bá tì í, afẹ́fẹ́ á jáde. Nínú àpótí náà ni àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ wà tí à ń pè ní ahọ́n. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ara ahọ́n kọjá ló ń di ohùn. Okùn awọ méjì ló ń gbé e kọ́ èjìká, okùn kẹta so méjèèjì pọ̀ ní ẹ̀yìn kó má baà yọ̀. Ẹni tó gbé e kọ́ kò lè dá okùn ẹ̀yìn yẹn tú. Àfi kí ẹlòmíràn bá a tú u.

Káfíńtà ni bàbá mi ní Ajah, nígbà tí Ajah ṣì jẹ́ abúlé apẹja, tí ọ̀nà tó lọ sí Èkó jẹ́ yanrìn, tí ọkọ̀ ojú omi sì yá ju ẹsẹ̀ lọ. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ọkùnrin gíga kan, tó ń rìn bíi pé ẹnì kan ń ka ìṣísẹ̀ fún un, gbé àpótí dúdú kan wá sí ìsọ̀ bàbá mi. Ó fẹ́ kí wọ́n kan pátákó tuntun sí ìdí rẹ̀. Bàbá mi ní kó ṣí i kí òun wọ̀n ọ́n. Bó ṣe ṣí i, mo rí àwọn ahọ́n náà tí wọ́n tò gbọọrọ bí eyín ẹja, mo sì gbàgbé ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi.

"O ò rí irú ẹ̀ rí ni?" ọkùnrin náà bi mí.

"Rárá, sà."

Ó dé e padà, ó tẹ ibì kan. Ohùn jáde, ó ń gbọ̀n díẹ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Ohùn méjì ni, sà. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣàìsàn."

Kò wò mí mọ́. Bàbá mi ló wò. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ọmọ yìí kí n kọ́ ọ níṣẹ́."

Iṣẹ́ ìránṣọ ni bàbá mi ti ní lọ́kàn fún mi, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sọ ọ́ fúngbà díẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ti di ọmọ iṣẹ́.

Sájẹ́ǹtì Gbádébọ̀ ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọ̀gá ni à ń pè é. Nígbà ogun abẹ́lé, kì í ṣe ìbọn ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ eléré àwọn ológun, àwọn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó láti bùdó dé bùdó kí wọ́n lè dá àwọn ọmọ ogun lára yá. Àkọ́díọ̀nù yẹn ló ń tẹ̀ fún wọn, lábẹ́ igi, nínú ẹrẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ogun parí, ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó gbé e bọ̀ wálé, ó sì ṣí ìsọ̀ sí etí ọ̀sà. N kò gbọ́ kó fi ṣeré rí. Ohùn àkọ́díọ̀nù náà la fi ń wọn ohùn àwọn dùùrù yòókù, nítorí kò sí èyí tó dúró ṣinṣin tó o ní gbogbo agbègbè wa.

Mo bá ọmọ iṣẹ́ kan níbẹ̀. Múyìíwá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Awoyaya, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí tó yè. Ẹní ni ìyá náà ń hun tà. Múyìíwá kì í bínú. Bí Ọ̀gá bá bú un, yóò dúró gbọnin, yóò ní "Yẹ̀sà," bí Ọ̀gá bá sì ti yí ẹ̀yìn padà, yóò fi ẹnu ṣe ohùn ahọ́n tó ń ṣàìsàn títí n ó fi fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí ẹ̀rín má bọ́.

Ọ̀gá le. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Etí ni mo ń kọ́. Yóò ní kí n kọjú sí ògiri, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn mi, yóò ní, "Èwo ló ń ṣàìsàn?" Bí mo bá ṣì í, níbẹ̀ ni n ó wà títí oòrùn á fi kan àtàrí. Nígbà tó wá fún mi ní fáìlì, ahọ́n tó ti bàjẹ́ nìkan ni mo fi ṣe ìdánwò fún ọdún kan. Bí o bá ha orí ahọ́n, ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Bí o bá ha ìdí rẹ̀, á lọ sílẹ̀. Bí o bá ha á lé ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ahọ́n náà ti kú nìyẹn. Ọ̀gá kì í nà wá. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan fáìlì mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan, n ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìda oyin la fi ń lẹ ahọ́n mọ́ àyè rẹ̀, a máa ń yọ́ ọ lórí ẹ̀yín iná, a ó pò ó mọ́ oje igi. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú ìka mi títí dòní, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá le jù lọ́wọ́ Ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ àkọ́díọ̀nù tirẹ̀. Àwọn ìjọ tó wà lódì kejì ọ̀sà ní dùùrù ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tó wúwo, tí kò ṣeé gbé. Àwa la máa ń lọ bá a níbẹ̀, a ó sì gbé àkọ́díọ̀nù Ọ̀gá dání láti fi wọn ohùn. Ìdí ọkọ̀ a máa gba omi, nítorí náà kò gbọdọ̀ kanlẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wa ni yóò gbé e kọ́ àyà láti èbúté dé èbúté. Ẹnì kan gbé e lọ, ẹnì kejì gbé e bọ̀. Kí a tó wọ ọkọ̀, Ọ̀gá á bọ́ sẹ́yìn ẹni tó gbé e, á gbìyànjú láti ki ìka méjì bọ abẹ́ okùn ẹ̀yìn.

"Bí ìka mi bá wọlé," á ní, "ẹ ò tíì dè é."

Ìgbà kan wà tí ìka rẹ̀ wọlé, èmi ni mo dè é fún Múyìíwá. Ó ní kí àwa méjèèjì jókòó sílé. Òun nìkan ló wọ ọkọ̀ lọ.

Ọdún kẹta mi ló ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ibà ń ṣe Ọ̀gá, ó ní kí àwa méjèèjì máa lọ. Múyìíwá gbé àkọ́díọ̀nù náà lọ, a ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, a tún dùùrù wọn ṣe, wọ́n fún wa ní iṣu sísè jẹ. Èmi ló kàn láti gbé e bọ̀.

Ṣùgbọ́n bùbá tuntun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, léèsì funfun tí ìyá mi rà fún mi ní ọdún Iléyá. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ mi ti ní òun máa dúró dè mí ní èbúté Ajah ní ìrọ̀lẹ́. N kò fẹ́ kí okùn awọ, tí òróró àti òógùn ti mu yó, fa ilà dúdú sí mi léjìká. Mo ní, "Múyìíwá, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e. Èjìká ń dùn mí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Èjìká àbí bùbá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbé e wá, ìyàwó."

Èmi ni mo dè é fún un. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mo fa okùn ẹ̀yìn dé ihò tó kẹ́yìn. Mo ki ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀. Kò wọlé.

A ti la ọ̀sà já dé àárín kí afẹ́fẹ́ tó dé. Ẹni tó bá mọ omi wa mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn. Atukọ̀ pariwo pé kí a dọ̀bálẹ̀. Ìgbì kan gbé wa, èkejì dojú ọkọ̀ dé. Nígbà tí orí mi yọ, ìdí ọkọ̀ ni mo rí lókè omi, mo sì dì mọ́ ọn. Atukọ̀ ti dì mọ́ ọn ní òdì kejì. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Múyìíwá ló mọ omi wẹ̀ jù.

Ó yọrí. Kò jìnnà sí mi, kò ju láti orí àga tí mo jókòó sí yìí dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ lọ. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́!" ó ké. "Tú u! Tú u fún mi!"

N kò fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ó rì. Ó tún yọrí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún pe orúkọ mi, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́.

Àwọn apẹja ló kó wa dé èbúté. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Ọ̀gá. Ó dúró nínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ìbora lára, ibà ń gbọ̀n ọ́n. Kò kọ́kọ́ bi mí léèrè àkọ́díọ̀nù. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó ní, "Ta ló gbé e?"

"Múyìíwá ni, sà."

"Ta ló kàn?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ní, "Múyìíwá ló kàn, sà."

Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́, nítorí n kò purọ́ fún un rí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí Múyìíwá. Àkọ́díọ̀nù náà ṣì wà láyà rẹ̀. Ẹwìrì rẹ̀ ti fẹ̀, omi ti kún inú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n lè tú u. Ọ̀gá ní kí wọ́n dúró. Ó kúnlẹ̀, ó na ìka méjì, ó gbìyànjú láti ki í bọ abẹ́ okùn ẹ̀yìn. Kò wọlé. Ó tún gbìyànjú. Kò wọlé.

Ó ní, "Wọ́n dè é dáadáa." Ó tún un sọ, "Wọ́n dè é dáadáa." Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún àgbàlagbà ọkùnrin. Apẹja kan ló fi ọ̀bẹ gé okùn náà.

Àwọn èèyàn ń tu ìyá Múyìíwá nínú pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù, pé ó ṣáà rí òkú rẹ̀ sin. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, ó ní òun ló pa ọmọ rẹ̀, òfin òun ló pa á. Ìyá náà ní kó dìde. Èmi wà lẹ́yìn, mo fi ìborùn bojú, n kò sọ̀rọ̀.

N kò fẹ́ ọkùnrin tó dúró dè mí ní èbúté lọ́jọ́ náà. Kò ṣẹ̀ mí. N kò kàn lè wo ojú rẹ̀ mọ́ ni. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi, awakọ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kí Ọlọ́run fọ̀rún kẹ́ ẹ. Òun náà kú láìmọ ohun tí mo ń sọ fún yín yìí.

Ọ̀gá gbé àkọ́díọ̀nù tó ti mu omi náà sórí pẹpẹ tó wà lókè, ó fi àpò bò ó. A kò fi wọn ohùn mọ́, etí wa nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé. Láti ọjọ́ náà, kò jágbe mọ́ mi mọ́. Bí mo bá ṣì í, yóò kàn sọ èyí tó tọ́ fún mi ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ìgbà mìíràn, n ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í, kó lè kan fáìlì mọ́ tábìlì. Kò kàn án mọ́.

Mo gba fírídọ̀mù, síbẹ̀ n kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo mọ oore. Wọn kò mọ ohun tó so mí mọ́lẹ̀.

Bí ọdún mẹ́sàn-án ṣe kọjá nìyẹn. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà mú Ọ̀gá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dúró ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó nawọ́ sókè.

"Gbé e sọ̀kalẹ̀," ó ní. "Ṣí i."

Mo ti ṣí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ṣí tirẹ̀ rí. Òun nìkan ló máa ń ṣe é. Mo fa àwọn ìṣó tín-ín-rín tó mú ẹwìrì, wọ́n ti dípẹtà. Mo gbé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò. Àwọn ahọ́n ti pọ́n bí ilẹ̀ Ìkòròdú. Lára igi inú rẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé àfi ti atúnṣe, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ síbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Omi ti pa òmíràn rẹ́. Hausa wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, Tiv wà níbẹ̀.

"Ta ni wọ́n, sà?"

"Àwọn tó ń lọ síwájú ogun," ó ní. "Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n máa ń ní kí n ṣeré fún wọn. Orin ayọ̀ ni ọ̀gá ológun wa ní kí n máa tẹ̀. Ẹnì kan á ní, 'Sájẹ́ǹtì, tí mo bá dé, ẹ óò tẹ orin ìlú mi fún mi.' Mo máa ń ní ó dáa. Mo máa ń bi í ní orúkọ. Èyí tí kò bá dé, mo kọ ọ́ síbẹ̀." Ó na ìka sí àwọn orúkọ náà. "Kò sẹ́ni tó máa gbé orúkọ wọn wálé. Ìyẹn ni n kò ṣe fẹ́ kí omi kàn án."

Ó na pẹ́ńsùlù sí mi. "Kọ orúkọ Múyìíwá."

Mo gba pẹ́ńsùlù náà. Mo fi ẹnu rẹ̀ kan igi, n kò lè kọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Lójú mi, ọjọ́ náà ló bá a. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ahọ́n tó dípẹtà.

"Èmi ló kàn, sà. Kì í ṣe òun. Èmi ló yẹ kó gbé e."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù.

"Kọ ọ́," ó ní. "Lẹ́yìn náà, lọ bá ìyá rẹ̀. Èmi kò rí ìyá àwọn wọ̀nyí lọ bá. Ìwọ mọ ilé."

Mo kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Awoyaya. Mo bá Ìyá Múyìíwá lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo kí i, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó pẹ́ o." Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní èmi ló kàn, mo ní èjìká ló ń dùn mí tí mo fi gbé e fún un. Ẹ wò ó, àní lọ́jọ́ tí mo lọ jẹ́wọ́, irọ́ kékeré yẹn ṣì bá mi lọ. N kò dárúkọ bùbá. N kò sì sọ pé ó pè mí.

Ó hun ẹní náà dé etí kó tó dúró.

"Ṣé o fẹ́ kí n ní ó ti tán ni?"

"N kò mọ̀, mà."

"N kò ní sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n máa wá. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí mo bá kírun Jímọ̀ tán, n ó wọ ọkọ̀ lọ sí Awoyaya, n ó jókòó tì í, n ó bá a pín koríko ẹní. Ìgbà mìíràn, a kì í sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá.

Ọ̀gá kú kí ọdún yẹn tó parí. Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo fi ọdún méjì tún àkọ́díọ̀nù rẹ̀ ṣe. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú aago ògiri ni mo gé, tí mo ha, tí mo sọ di ahọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ohùn rẹ̀ fi padà. N kò nu orúkọ kankan.

Nígbà tí mo fi máa tún un ṣe tán, ayé ti yí. Kíbọ́ọ̀dù oníná ti dé. Àwọn ìjọ tó ń ránṣẹ́ pè wá tẹ́lẹ̀ ti gbé dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ wọn sẹ́yìn ilé, adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó òjé tí wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà, mo sun ara mi níka lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ẹni tí kò bá bá ìgbà yí, ìgbà á yí i dànù. Fún bí ogún ọdún ni mo fi tún kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe, mo sì fi rán ọmọ lọ sílé ìwé. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń kó wọlé di pátákó oníwáyà kan ṣoṣo tí a kì í tún ṣe: bó bá kú, kí wọ́n ra òmíràn. Ọ̀nà yanrìn di títì ńlá, ilẹ̀ etí ọ̀sà di ti ẹni tó lówó, wọ́n mọ ọgbà yí i ká, wọ́n sì ní kí n kó ẹrù mi. Mo kó lọ sí Addo, sínú ṣọ́ọ̀bù kan láàárín alátùnṣe fóònù méjì. Oníbàárà kan fi fóònù tirẹ̀ hàn mí níbẹ̀, ó ní ó lè wọn ohùn. Mo tẹ ahọ́n kan, mo sọ pé ó fi bín-ín-tín lọ sílẹ̀. Fóònù náà sọ ohun kan náà. Ó yà á lẹ́nu. Èmi rántí ògiri tí mo máa ń kọjú sí.

Obìnrin kan láti inú ẹ́sítéètì tó ní géètì wá lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ ra àkọ́díọ̀nù Ọ̀gá fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ògiri. Èèyàn dáadáa ni. Mo ní kì í ṣe tèmi láti tà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ yín yóò kọ́ ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ẹnu yín náà. Ọ̀gá mi kọ́ mi láti gbọ́ ahọ́n tó ń ṣàìsàn láàárín ogójì ahọ́n, síbẹ̀ ahọ́n tèmi ló pẹ́ jù kí n tó tún un ṣe. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bàjẹ́. Kì í ṣe nítorí ọ̀gá yín.

Ìyá Múyìíwá dàgbà gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè hun ẹní mọ́, ojú rẹ̀ ti fọ́. Jímọ̀ tó kẹ́yìn tí mo bá a láyé, ó fọwọ́ wá ọwọ́ mi lórí ibùsùn.

"Àbẹ̀kẹ́, sọ ọjọ́ yẹn fún mi. Láti àárọ̀. Má fo nǹkan kan."

Kò bi mí rí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti iṣu tí a jẹ. Mo sọ ti bùbá, mo ní èjìká kò dùn mí rárá. Mo sọ bí mo ṣe fa okùn dé ihò tó kẹ́yìn. Mo sọ ọ́ dé ibi tí ọkọ̀ dojú dé.

"Ṣé ó ké?" ó bi mí.

"Ó ké, mà. Ó ní kí n tú u. Mo rí i. N kò fi ọkọ̀ sílẹ̀."

"Orúkọ ta ló pè?"

"Orúkọ mi, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára tèmi. Mo ń retí kó fà á kúrò.

"Ó rí ẹni pè," ó ní. Ó mí kanlẹ̀. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé òun nìkan ló wà nínú omi."

Mo gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Kò ní kí n dákẹ́.